Kí Ló Dé Tí Àwọn Ọkùnrin Wa Kì í Fẹ́ Lọ Ṣe Àyẹ̀wò Ara?

Lẹ́tà mẹ́ta la mú jáde nínú èyí tí ẹ̀yin òǹkàwé wa fi ránṣẹ́ lóṣù yìí, nítorí pé ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn dá lé: ọkùnrin tí kò rí ohun tó ń ṣe é, tí kò sì sẹ́ni tó lè mú un dé ibi tí wọn yóò ti yẹ̀ ẹ́ wò. A ti gé àwọn lẹ́tà náà kúrú, a sì ti yọ orúkọ kúrò.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, olóòtú. Ọkọ mi ti pé ẹni ọdún 54, iṣẹ́ bíríkìlà ló ń ṣe. Lọ́dún tó kọjá ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lu ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tí apá ọ̀tún rẹ̀ kò sì ṣiṣẹ́ mọ́ títí di òní. Láti ìgbà náà ni mo ti ń bẹ ọkọ mi pé kí ó jẹ́ kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló máa ń sọ: “Kí ni mo fẹ́ lọ wá níbẹ̀? Ẹni tó ń ru sìmẹ́ǹtì lójoojúmọ́, àìsàn wo ló fẹ́ wà lára rẹ̀?” Bí mo bá tún sọ ọ́, ó máa ń bínú pé mo ń fi ẹnu ara mi pe àìsàn wá sílé. Kí ni kí n ṣe? — Ìyá Àwọn Ọmọ, Òṣogbo.

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun, ìyá wa. Kí a tó dé orí ohun tí ẹ lè ṣe, ẹ jẹ́ kí a gba ọ̀rọ̀ baálé yín rò, nítorí pé kì í ṣe agídí lásán ló ń bá a jà, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe pé kò bẹ̀rù ikú. Ẹni tó ń rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ẹlòmíràn ń bọ́ lóúnjẹ kò lè ṣàìbẹ̀rù. Ohun tó ń bà á lẹ́rù gan-an ni kí ẹnì kan jókòó síwájú rẹ̀ kí ó sì sọ gbólóhùn kan tí yóò mú òun náà kúrò nípò ẹni tó ń bọ́ ilé, tí yóò sọ ọ́ di ẹni tí ilé ń bọ́. Níwọ̀n ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò bá tíì sọ gbólóhùn yẹn, ó ṣì jẹ́ baálé ilé tó ń jí lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀. Bí ẹ bá wá ń fi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dẹ́rù bà á, ṣe ni ẹ ń fún un ní ìdí sí i láti sá.

Lójú ọ̀pọ̀ ọkùnrin, ara tó bá lè ṣiṣẹ́ ni ara tó le. Ṣùgbọ́n agbára apá kò sọ ohunkóhun fún wa nípa ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú iṣan ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ lè máa fi agbára tó pọ̀ jù ti ògiri iṣan tó ń gbé e kiri fún ọdún mẹ́wàá, kí ó máa ba ti ọpọlọ, ti ọkàn, ti kíndìnrín àti ti ojú jẹ́ díẹ̀díẹ̀, kí orí má fọ́ onítọ̀hún, kí òòyì má kọ́ ọ, kí oorun rẹ̀ sì máa dùn. Nínú gbogbo àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru lágbàáyé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì tí kò mọ̀ pé àwọn ní in. Ìwádìí ńlá kan tí àwọn onímọ̀ ìṣègùn ṣe nípa rọpárọsẹ̀ ní Nàìjíríà àti Gánà, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2018, fi ẹ̀jẹ̀ ríru ṣáájú gbogbo àwọn ohun tí ènìyàn lè rí nǹkan ṣe sí nínú ohun tó ń fà á. Ìwádìí náà tún rí i pé ewu wà fún àwọn tí kì í sábà jẹ ẹ̀fọ́. Tí ẹ bá sì wá fi kún un pé ọmọ ìyá baálé yín ti ní in, ẹ ó rí i pé òun gan-an ni ẹni tó yẹ kí ó tètè mọ ibi tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dúró sí.

Ìdí kejì ni èmi kà sí èyí tó wúwo jù lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a kì í sábà mẹ́nu bà á. Ẹ̀yin gẹ́gẹ́ bí obìnrin ti mọ ọ̀nà ilé ìwòsàn láti ìgbà oyún àkọ́kọ́. Ara yín kò ṣàìsàn tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru yín, tí wọ́n ń gbé yín sórí òṣùwọ̀n, tí wọ́n sì ń yẹ ìtọ̀ yín wò ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá lọ. Lẹ́yìn tí ẹ bímọ, ẹ gbé ọmọ pọ̀n lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Obìnrin tó ti bí ọmọ mẹ́ta ti di ẹni tí kò rí ohun àjèjì nínú kí á lọ síbẹ̀ nígbà tí nǹkan kan kò ṣe é. Ọkùnrin ńkọ́? Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ló wà nígbà ìkẹyìn tí ẹnikẹ́ni yẹ̀ ẹ́ wò láìsí pé ó ń ṣàìsàn. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, tí ó jẹ́ oníṣègùn ọmọdé, di mínísítà fún ètò ìlera ní ọdún 1985, tí ó sì fi gbogbo agbára ti ètò ìlera alábọ́dé lẹ́yìn, ìyá àti ọmọ ló kọ́kọ́ kọjú sí, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí àwọn ni ikú ń pa jù. Ẹ̀mí tí iṣẹ́ yẹn gbà là kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n títí di òní, bí ẹ bá wọ ilé ìlera alábọ́dé tó wà ládùúgbò yín, ẹ ó rí ọjọ́ àwọn aboyún lára ògiri, ẹ ó rí ọjọ́ abẹ́rẹ́ ọmọ, ẹ ò ní rí ọjọ́ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún baálé ilé. Àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ ni wọ́n sì ń ṣí i, ní àkókò tí bíríkìlà ń po yẹ̀pẹ̀ mọ́ sìmẹ́ǹtì. Ẹni tó ń gba owó ojúmọ́ mọ̀ pé ọjọ́ tí òun bá fi jókòó lórí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn ni ọjọ́ tí kò ní sí owó ọbẹ̀. N kò lè pe ẹni tó ń ṣe irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ ní aláìnírònú.

Lórí ọ̀rọ̀ owó, òfin tó dá àjọ ìbánigbófò ìlera orílẹ̀-èdè sílẹ̀ ní ọdún 2022 sọ ọ́ di dandan fún gbogbo olùgbé Nàìjíríà láti wà lábẹ́ ètò ìbánigbófò ìlera, àwọn ìpínlẹ̀ wa sì ní tiwọn, irú bí Ìlera Èkó ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Ẹ lọ béèrè èyí tó wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, kí ẹ sì wádìí dáadáa bóyá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wà nínú ohun tí wọ́n ń san, nítorí àìmọ ibi tí owó oògùn yóò ti máa wá lóṣooṣù ló ń mú kí àwọn mìíràn yàn láti má mọ ohunkóhun.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí baálé yín lè máà sọ sí yín létí láéláé. Láàárín àwọn ọkùnrin, ìròyìn tó gbilẹ̀ ni pé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru máa ń pa nǹkan ọkùnrin. Kì í ṣe irọ́ pátápátá. Àwọn kan nínú oògùn náà, pàápàá àwọn kan tó máa ń mú kí ènìyàn tọ̀ púpọ̀ àti àwọn kan tó ń dẹ eré ọkàn lọ́wọ́, lè dín agbára ọkùnrin kù lára ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n oríṣiríṣi ni oògùn yìí, púpọ̀ nínú wọn kì í sì í ṣe bẹ́ẹ̀. Dókítà lè pààrọ̀ èyí tí kò bá ara mu, bí aláìsàn bá lè la ẹnu sọ ọ́. Èyí tí àwọn ọkùnrin kì í sọ fún ara wọn ni pé ẹ̀jẹ̀ ríru fúnra rẹ̀, àti àtọ̀gbẹ, bí a kò bá tọ́jú wọn, máa ń ba àwọn iṣan tín-ín-rín tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ síbẹ̀ jẹ́, tó bẹ́ẹ̀ tí àìlera ọkùnrin fi lè jẹ́ àmì àkọ́kọ́ pé iṣan ọkàn pàápàá ti ń bàjẹ́. Jẹ̀díjẹ̀dí ni púpọ̀ nínú wọn máa ń pè é. Bí ẹ̀yìn bá ń ro ọkùnrin, jẹ̀díjẹ̀dí ni; bí ó bá ń tọ̀ lóru nígbà mẹ́rin, jẹ̀díjẹ̀dí ni; bí nǹkan kò bá sì lọ déédéé nínú yàrá, jẹ̀díjẹ̀dí náà ni, ọ̀dọ̀ alágbo ni yóò sì gbà lọ. N kò bá alágbo jà. Ohun tó ń dùn mí ni pé orúkọ tí a ti ní nílẹ̀ fún gbogbo àìsàn kì í jẹ́ kí ọkùnrin béèrè èyí tó ń ṣe é gan-an, àgbo tí a sì fi ọtí rẹ máa ń mú kí ẹ̀jẹ̀ ru sí i fún ẹni tó bá ń mu ún lójoojúmọ́.

Nítorí náà, ìyá wa, ẹ má tún bẹ̀ ẹ́ pé kí ó lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ mú àyẹ̀wò náà kéré, kí ẹ sì mú un súnmọ́ ọn. Lọ́jọ́ Sátidé tí kò bá lọ síbi iṣẹ́, ẹ sọ fún un pé ẹ̀yin fúnra yín fẹ́ lọ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru ní ilé oògùn tó wà ládùúgbò, kí ó sìn yín lọ. Bí wọ́n bá ti wọn tiyín tán, yóò ṣòro fún un láti kọ̀ kí wọ́n má wọn tirẹ̀. Bí ó bá kọ̀ síbẹ̀, ẹ wá ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tàbí ọ̀gá kan níbi iṣẹ́ wọn tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí ó sì ń ru sìmẹ́ǹtì rẹ̀ lọ, kí onítọ̀hún bá a sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ tí ẹgbẹ́ ẹni sọ máa ń wọ ọkùnrin létí ju ti ìyàwó lọ nínú ọ̀ràn yìí, ẹ má sì jẹ́ kí ó dùn yín. Èyí tó dára jù ni pé kí ẹgbẹ́ àwọn bíríkìlà pe nọ́ọ̀sì kan wá sí ìpàdé wọn, kí wọ́n to ìjókòó, kí gbogbo wọn sì wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ kan náà, nítorí níbi tí gbogbo ènìyàn bá ti ká apá aṣọ sókè, kò sí ẹni tí ojú yóò tì.

Ẹ kíyè sí bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n, nítorí bí wọ́n bá wọ̀n ọ́n ní ìkánjú, nọ́ńbà tí kì í ṣe tirẹ̀ ni wọn yóò fún un. Kí ó lọ tọ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Kí ó má jẹ obì, kí ó má mu kọfí tàbí sìgá ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó ṣáájú, nítorí ohun tó ń lé oorun lọ nínú kọfí wà nínú obì pẹ̀lú. Kí ó jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ó fi ẹ̀yìn ti àga, kí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kan ilẹ̀ láìfi ẹsẹ̀ kan lé orí èkejì. Kí wọ́n gbé apá rẹ̀ lé tábìlì ní ìwọ̀n gíga ọkàn, kí wọ́n sì so ìgbànú ẹ̀rọ náà mọ́ apá níhòòhò, kì í ṣe lórí apá bùbá. Kí ẹnikẹ́ni má bá a sọ̀rọ̀, kí òun náà má sì dáhùn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni kí wọ́n wọ̀n ọ́n, kí ìṣẹ́jú kan tàbí méjì wà láàárín. Bí ó bá wà lábẹ́ 120 lórí 80, kò sí wàhálà. Bí nọ́ńbà òkè bá pé 140 tàbí tí ti ìsàlẹ̀ pé 90 ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru ni, kí ó rí dókítà. Èyí tó bá wà láàárín méjèèjì, kí wọ́n máa ṣọ́ ọ, kí ẹ sì dín iyọ̀ àti magí inú ọbẹ̀ kù. Ṣùgbọ́n bí ó bá ju 180 lórí 120 lọ, tí àyà sì ń dùn ún, tàbí tí èémí rẹ̀ kò já gaara, tàbí tí ọ̀rọ̀ ń lọ́ mọ́ ọn lẹ́nu, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ ní kíá, ní wákàtí náà gan-an. Bí wọ́n bá ní abẹ́rẹ́ ìka, kí wọ́n wo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ náà láàárọ̀ kí ó tó jẹun: bí ó bá pé 126 mg/dL tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó lọ tún un ṣe ní ilé àyẹ̀wò kí ó tó di pé ẹnikẹ́ni sọ pé ó ní àtọ̀gbẹ.

ÌBÉÈRÈ: Olùkọ́ ni mí, ẹni ọdún 47 sì ni mí. Jẹjẹrẹ prostate ló pa bàbá mi. Àwọn ọ̀rẹ́ mi sọ fún mi pé bí mo bá lọ ṣe àyẹ̀wò rẹ̀, dókítà yóò ti ìka bọ ihò ìdí mi, èmi kò sì lè gba ìyẹn láyé mi. Ìtọ̀ mi ń lọ dáadáa. Ǹjẹ́ ó pọn dandan kí n lọ? — Olùkọ́, Abẹ́òkúta.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ọ̀fọ̀ bàbá yín, ọ̀gá olùkọ́. Bẹ́ẹ̀ ni, ó yẹ kí ẹ lọ bá dókítà sọ̀rọ̀, kí ẹ má sì fi ìtọ̀ tó ń lọ dáadáa tu ara yín nínú. Prostate ni ẹ̀yà ara kékeré tó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀ ọkùnrin, tó yí ọ̀nà ìtọ̀ ká. Apá ẹ̀yìn rẹ̀, tí ó jìnnà sí ojú ọ̀nà ìtọ̀, ni jẹjẹrẹ náà ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, nítorí náà ó lè wà níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ kí ó tó dí ohunkóhun lọ́wọ́. Ọkùnrin tó ń dìde lóru lọ tọ̀, èyí tí prostate rẹ̀ wú láìsí jẹjẹrẹ ló pọ̀ jù nínú wọn. Ní ti àwa ènìyàn dúdú, ewu náà ga: ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọkùnrin 1 nínú 8 ni wọ́n máa ń rí jẹjẹrẹ yìí lára rẹ̀ nígbà ayé rẹ̀, ṣùgbọ́n láàárín àwọn ọkùnrin dúdú tó ń gbé níbẹ̀, 1 nínú 4 ni. Ẹni tí bàbá rẹ̀ tàbí ọmọ ìyá rẹ̀ ní in sì tún fi ewu kún ewu. Ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń gba irú yín nímọ̀ràn láti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú dókítà láti ẹni ọdún 45, kí ẹ má dúró de 50.

Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ gbà. PSA ni orúkọ àyẹ̀wò náà, apá ni wọ́n ti ń fa ẹ̀jẹ̀ ọ̀hún. Kí ẹ má bá ìyàwó yín sùn ní ọjọ́ méjì tó ṣáájú, kí ẹ má sì gun kẹ̀kẹ́ ológeere lọ sí ọ̀nà jíjìn, nítorí àwọn nǹkan wọ̀nyí lè gbé nọ́ńbà rẹ̀ sókè. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pẹ̀lú pé àyẹ̀wò yìí kì í ṣe ìdájọ́: prostate tó wú lásán tàbí àkóràn lójú ọ̀nà ìtọ̀ lè mú kí ó ga, ẹlòmíràn sì wà tí tirẹ̀ kò ga tí jẹjẹrẹ sì wà níbẹ̀. Jẹjẹrẹ náà pàápàá, àwọn kan nínú rẹ̀ máa ń rọra lọ tó bẹ́ẹ̀ tí dókítà fi lè sọ pé kí a máa ṣọ́ ọ ni, kí a má tíì fi ọ̀bẹ kàn án. Gbogbo èyí ni kí ẹ bi dókítà yín kí ó tó fa ẹ̀jẹ̀.

Ní ti ìka, òótọ́ ni pé dókítà lè fẹ́ fi ọwọ́ kàn án láti mọ̀ bóyá ó le tàbí ó ní kókó. Yóò wọ ìbọ̀wọ́, yóò fi òróró pa á, kì í sì í pé ìṣẹ́jú kan. Ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè fún dókítà ọkùnrin, ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé ẹ̀jẹ̀ nìkan ni ẹ fẹ́ ṣe lónìí. Kò sí ohun tí ìyẹn mú kúrò lára jíjẹ́ ọkùnrin yín. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2014, Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká, tí òun náà jẹ́ ọmọ ìlú yín, tí ó sì ti pé ẹni 80 ọdún nígbà náà, jáde sọ ọ́ ní gbangba pé wọ́n ti rí jẹjẹrẹ prostate lára òun ní òpin ọdún 2013 àti pé òun ti gba ìtọ́jú. Ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ ló la ẹnu sọ ọ́, ojú kò sì tì í. Mo rò pé ọ̀pọ̀ bàbá ló ti kú pẹ̀lú àìsàn yìí nínú yàrá tí wọ́n tì mọ́ra wọn, tí àwọn ọmọ wọn ọkùnrin kò sì mọ ohun tí ó yẹ kí àwọn ṣọ́ra fún. Ẹ̀yin mọ ohun tó pa bàbá yín, ẹ lò ó.

ÌBÉÈRÈ: Lọ́ńdọ̀nù ni mo ń gbé, iṣẹ́ alẹ́ ni mo sì ń ṣe. Mo ti lé ní ẹni 40 ọdún. Ọ̀dọ̀ GP mi, ìyẹn dókítà àdúgbò, ni wọ́n ti kọ lẹ́tà sí mi pé kí n wá ṣe àyẹ̀wò, n kò sì dá wọn lóhùn, torí ojú oorun ni mo máa ń wà ní gbogbo àsìkò tí wọ́n bá ṣí. Ọ̀rẹ́ mi kan tí ìwé ìgbélùú rẹ̀ kò tíì bọ́ sí i kò tilẹ̀ forúkọ sílẹ̀ rárá. Kí ni ẹ rí sí i? — Ọmọ Ìjẹ̀bú, Lọ́ńdọ̀nù.

ÌDÁHÙN: Ọ̀fẹ́ ni àyẹ̀wò tí wọ́n pè yín sí. Gbogbo ẹni tó wà láàárín ọdún 40 sí 74 ní England, tí wọn kò tíì rí irú àìsàn bí ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ lára rẹ̀, ni NHS, ìyẹn ètò ìlera ìjọba níbẹ̀, máa ń ṣe é fún ní ọdún márùn-ún márùn-ún: ẹ̀jẹ̀ ríru, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, ìwọ̀n ara, àti bóyá àtọ̀gbẹ fẹ́ súnmọ́ ènìyàn. Ẹ pè wọ́n, kí ẹ sọ pé iṣẹ́ alẹ́ ni ẹ ń ṣe, kí wọ́n fún yín ní àkókò tó bá tiyín mu. Bí ìyẹn bá ṣòro, ọ̀pọ̀ ilé oògùn níbẹ̀ ló ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹni tó bá ti pé 40, ẹ sì lè yà síbẹ̀ ní ọjọ́ tí ẹ kò bá lọ síbi iṣẹ́. Ní ti ọ̀rẹ́ yín, òfin NHS ní England kò ní kí ẹnikẹ́ni mú ìwé ìgbélùú tàbí ẹ̀rí ibùgbé wá kí ó tó lè forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ GP, rírí GP kò sì ní owó nínú. Ìtọ́jú ilé ìwòsàn ńlá ló lè ní owó fún ẹni tí ìwé rẹ̀ kò pé, kí ó mọ èyí tẹ́lẹ̀ kí ó má bàa bá a lójijì.

Ohun kan kù tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe kí ẹ tó lọ. Wọn yóò bi yín léèrè irú àìsàn tó wà nínú ìdílé, pàápàá bóyá bàbá tàbí ọmọ ìyá yín ti ní àìsàn ọkàn kí ó tó pé ẹni 60 ọdún. Ní ilé wa, “àìsàn ránpẹ́” ni wọ́n máa ń kọ sára ìwé òkú, ọ̀pọ̀ wa kò sì mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ pe Ìjẹ̀bú, kí ẹ bi ẹ̀gbọ́n bàbá yín tàbí ìyá yín ní pẹ̀lẹ́tù ohun tó ṣe àwọn bàbá yín gan-an, àti ọjọ́ orí tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe wọ́n, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ lọ.